Ẹjọ́ ìgbàtọ́ ṣì wà ní kóòtù, àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn: ẹ̀tọ́ wo ni ó kù fún mi?

Aláṣọ Gbági

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà níbí, mo kí yín. Ìbàdàn ni mo ń gbé, aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Gbági. Ọkọ mi jáde láyé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún mi. Ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí, obìnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà tí ikú rẹ̀ pé ọdún kan, àìsàn dá mi gúnlẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, ó sì tó oṣù mẹ́rin kí n tó lè dá gbé garawa omi. Àkókò yẹn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí ó ń gbé ní Apẹ̀tẹ̀, kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó tọ́jú wọn, ó fún wọn ní oúnjẹ, ó sì fi wọ́n sí ilé ìwé tí ó dára. Láti ìgbà tí mo ti padà sí ìsọ̀ ni èmi náà ti ń san nínú owó ilé ìwé wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni.

Nígbà tí ara mi yá, mo lọ kó àwọn ọmọ mi. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n parí sáà náà. Sáà parí, ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n parí ọdún. Ní oṣù tí ó kọjá, bélíìfù wá bá mi ní ìsọ̀, ó fún mi ní ìwé lójú àwọn oníbàárà mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti lọ sí kóòtù, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun ṣe alágbàtọ́ àwọn ọmọ náà, nítorí pé ìyá wọn kò ní ìlera, kò sì ní ibùgbé tí ó yẹ. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo ń gbé, n kò fi pamọ́.

Láti ìgbà tí ìwé náà ti dé, wọn kò jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, mo gbé ìrẹsì àti ẹran díndín lọ, ẹnu géètì ni wọ́n dá mi dúró sí. Ọmọbìnrin mi yọjú lójú fèrèsé, ó di nẹ́ẹ̀tì mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wò mí, ó sì ké sínú ilé pé, "Màmá, àǹtí kan wà lẹ́nu géètì." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ó ń pè ní Màmá. Èmi ni àǹtí náà. Mo gbé abọ́ ìrẹsì mi padà wọ mọ́tò, n kò sì lè sọ fún yín bí mo ṣe dé ilé lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, nígbà tí adájọ́ kò tíì sọ ohunkóhun, ọwọ́ ta ni àwọn ọmọ yìí wà lábẹ́ òfin? Ṣé mo lè wọ ilé ìwé wọn kí n béèrè èsì ìdánwò wọn? Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣàìsàn, ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé ní ilé ìwòsàn? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ọmọ kan ní Kánádà, mo sì gbọ́ pé wọ́n ti ń wá páàsípọọ̀tù fún àwọn ọmọ mi. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí a lọ dúró dè wọ́n lẹ́nu ilé ìwé ní agogo méjì ọ̀sán, kí a kó wọn sínú mọ́tò, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní tiwọn ní kí n má ṣe lọ dáhùn rárá, pé ọmọ ẹbí ni wọ́n, pé a kì í ti kóòtù dé kí a ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ lọ sí kóòtù náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Awakọ̀ Ṣáṣá

Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi rò pé òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Ẹ̀yin ni ẹ bí wọn, kò sí ọlọ́pàá tí yóò mú ìyá nítorí pé ó kó ọmọ rẹ̀. Ẹ lọ kó wọn.

Agbẹjọ́rò Ìyágankú

Ìyá wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ sí. Mo rí i pé ẹ kò kọ orúkọ àwọn ọmọ tàbí ti ilé ìwé wọn síbí, ẹ má ṣe kọ ọ́ bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ béèrè. Ẹjọ́ ọmọdé kì í ṣe ẹjọ́ ojú ọjà. Òfin kò gbà kí a gbé orúkọ, àwòrán tàbí ilé ìwé ọmọ tí ó wà níwájú kóòtù ẹbí sí ìta, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ni ó lè wọlé jókòó láti gbọ́ ẹjọ́ náà.

Òfin tí ọ̀rọ̀ yín wà lábẹ́ rẹ̀ ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006. Nọ́ńbà abala tí mo máa dá níbí jẹ́ ti òfin àpapọ̀. Lọ́yà yín yóò fi ti Ọ̀yọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Abala kìíní ni gbogbo adájọ́ kọ́kọ́ máa ń ṣí: nínú ohunkóhun tí ó bá kan ọmọ, ire ọmọ náà ni kí a fi ṣíwájú. Abala 14 ní ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti ààbò òbí rẹ̀, pé a kò sì gbọdọ̀ yà á kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ kò bá fẹ́, àyàfi nítorí ẹ̀kọ́ àti ire rẹ̀, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá ti gbọ́ ẹjọ́ tí ó sì pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀tọ́ ọmọ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé iwájú adájọ́, ẹ má ṣe dúró lórí "èmi ni mo ni wọ́n" nìkan. Ẹ sọ ohun tí àwọn ọmọ ń pàdánù ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọn kò fi rí ìyá wọn.

Ní báyìí, ta ni ó ni ọ̀rọ̀ wọn? Ìwé tí ẹnìkan fi béèrè nǹkan lọ́wọ́ adájọ́ kò ì tíì di àṣẹ. Mo ń tún un sọ nítorí pé ojoojúmọ́ ni mo ń rí òbí tí ó ti ipa ìwé bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Bí ọkọ bá kú, òbí tí ó kù láàyè ni òfin ń kà sí alágbàtọ́ ọmọ wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ń tọ́jú àwọn ọmọ nípa àdéhùn tí ẹ jọ ṣe nígbà tí ara yín kò yá, àdéhùn náà sì bá òfin mu, kò sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú kò sọ ọ́ di alágbàtọ́ lábẹ́ òfin, kò sì sọ yín di àlejò. Ẹ lè lọ sí ilé ìwé, kí ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ àti káàdì ìdánimọ̀ yín dání, kí ẹ rí ọ̀gá ilé ìwé ní wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ sì béèrè èsì ìdánwò. Ẹ kọ lẹ́tà tí ẹ fi béèrè, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Ní ti ìwòsàn, ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ara rẹ̀ bá gbóná lóru. Ojúṣe rẹ̀ tilẹ̀ ni. Iṣẹ́ abẹ tàbí ìtọ́jú ńlá tí kì í ṣe pàjáwìrì ni ó yẹ kí wọ́n wá òbí sí.

Ọ̀rọ̀ páàsípọọ̀tù ni ó gbọ́dọ̀ mú yín yára. Ilé iṣẹ́ Ìwọlé-wọ̀de máa ń béèrè ìwé ìyọ̀ǹda òbí kí wọ́n tó ṣe páàsípọọ̀tù fún ọmọdé. Bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn pé ẹjọ́ wà ní kóòtù àti pé ẹ kò yọ̀ǹda, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé ẹjọ́ náà sí i. Kíkó ọmọ kúrò lọ́wọ́ òbí rẹ̀ láìgba àṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin yìí kan náà fi ẹ̀wọ̀n sí, ó sì wúwo jù bí wọ́n bá gbé ọmọ náà jáde kúrò ní Nàìjíríà.

Mo mọ̀ pé èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí yóò dùn yín. Ẹ má ṣe gba ìmọ̀ràn àbúrò yín, ẹ má sì gba ti arákùnrin tí ó kọ ọ̀rọ̀ sókè yìí. Abala 69 sọ pé bàbá tàbí ìyá lè béèrè lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ pé kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ òun tàbí kí òun máa rí i, ilé ẹjọ́ yóò sì wo ire ọmọ náà, yóò wo ìwà àwọn òbí, yóò sì wo ohun tí àwọn òbí fẹ́. Ìwà wà nínú òfin. Ọmọ tí wọ́n já gbà lẹ́nu géètì ilé ìwé lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ń ké nínú mọ́tò tí ó ń sáré gba ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé, kò ní gbàgbé ọjọ́ náà. Lọ́yà ìhà kejì náà kò ní gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ó bá dìde láti bi yín ní ìbéèrè.

Ẹ lọ dáhùn. Abala 36 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún yín ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu yín kí wọ́n tó dá ẹjọ́ tí ó kàn yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ìwé pè tí kò wá, tí kò sì rán lọ́yà, ni adájọ́ lè dá ẹjọ́ rẹ̀ láìsí i níbẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí ó wà lórí ìwé náà lónìí, kí ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti fèsì. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti gba àṣẹ kan lẹ́yìn yín, lọ́yà lè bẹ ilé ẹjọ́ kí ó yí i padà, bí ó bá sì ti yá ni ó dára.

Kí ẹ tó parí èsì yín, lọ́yà lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwa ń pè ní móṣàn, láti béèrè àṣẹ onígbà díẹ̀ tí yóò ṣiṣẹ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa béèrè ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ óò máa rí àwọn ọmọ, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé wọn kúrò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí páàsípọọ̀tù tí wọ́n bá ti gbà wà lọ́wọ́ kóòtù, kí ilé ìwé sì máa fún yín ní ohun gbogbo tí òbí ń gbà. Ẹ má béèrè fún ohun tí ó pọ̀ jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá tí ó béèrè Sátidé, tí ó wá ní gbogbo Sátidé láìpẹ́ dé, ti ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rojọ́.

Ní ti yàrá kan àti pálọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó já yín láyà. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Nínú ẹjọ́ Williams sí Williams ní ọdún 1987, ire ọmọ ni wọ́n fi ṣe òpó, nínú Odogu sí Odogu ní ọdún 1992 sì ni wọ́n ti là á yé wa pé ire ọmọ kì í ṣe aṣọ dáradára, ẹ̀rọ amúlétutù tàbí tẹlifíṣọ̀n, pé ayọ̀ ọmọ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń dàgbà ni ó ju èyí lọ. Àìsàn tí ẹ ṣe tí ó sì ti lọ kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ yín títí ayé. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Ó ku ohun kan, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ka ìwé tí bélíìfù fún yín dé ìparí. Ṣé àwọn ọmọ nìkan ni ó ń béèrè láti máa ṣe alágbàtọ́ wọn, àbí ó fi ohun ìní bàbá wọn kún un? Bí owó ìfẹ̀yìntì, ilẹ̀ tàbí owó báǹkì bàbá wọn bá wà níbẹ̀, ẹ sọ fún lọ́yà yín kí ó dáhùn ìyẹn lọ́tọ̀. N kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹjọ́ tí ọ̀rọ̀ ọmọ wà ní ojú ìwé kìíní tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì wà ní ojú ìwé kẹrin.

Bí kò bá sí owó lọ́yà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn, tàbí kí ẹ wá àwọn obìnrin agbẹjọ́rò tí a mọ̀ sí FIDA.

Wẹ́fíà Àná

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wẹ́fíà, mo sì ti wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Ìbàdàn yìí láti lọ wo ibi tí ọmọ ń gbé kí a tó kọ ìwé ránṣẹ́ sí kóòtù. Ohun tí lọ́yà sọ ti tó ní ti òfin. Tèmi ni pé kí ẹ mọ ohun tí a ń wò.

A kì í ka iye yàrá. A máa ń béèrè ibi tí ọmọ yóò sùn, kí a sì fi ojú rí i. Ibi tí yóò ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹni tí yóò dúró dè é láàárín agogo méjì tí ilé ìwé jáde àti agogo mẹ́fà tí ẹ máa ti Gbági dé. Ìbéèrè kẹta yìí ni ó ń bá àwọn ìyá ọlọ́jà jà jù lọ. Ẹ wá ìdáhùn sí i kí wọ́n tó dé. Bí aládùúgbò tàbí ìyá yín ni, kí ẹni náà wà nílé lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà bá wá, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ má ṣe lọ yá àga tàbí ibùsùn olówó ńlá. A máa ń mọ̀, nítorí pé ọmọ kò mọ ibi tí àga náà ti wá.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ lọ, aago tí ẹ dé, ẹni tí ó ṣí géètì, ohun tí wọ́n sọ, àti ohun tí ẹ gbé lọ. Ẹ kó gbogbo rìsíìtì owó ilé ìwé pọ̀ sínú àpò ìwé kan. Mo rántí bàbá kan tí ó ní òun ń fi owó ránṣẹ́ ní oṣooṣù ṣùgbọ́n tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, àti ìyá àgbà kan tí ó kó rìsíìtì ọdún mẹ́rin jáde láti inú agolo bisikíìtì. Adájọ́ ka rìsíìtì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa sì dákẹ́.

Ní ti kí ọmọ pè yín ní àǹtí: ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ó kúrò lọ́dọ̀ yín. Kì í ṣe pé ó kọ̀ yín. Ọmọ kékeré máa ń fún ẹni tí ó ń wẹ̀ fún un ní orúkọ ìyá, ọgbọ́n ọmọdé ni. Bí wọ́n bá fún yín ní àyè láti rí i, ẹ má ṣe bá a wí lórí rẹ̀, ẹ má ṣe sunkún níwájú rẹ̀, ẹ má sì bi í pé ta ni ó fẹ́ràn jù. Ẹ dì irun rẹ̀. Ọmọ tí ẹ bá fi wákàtí méjì dì irun fún yóò sọ ohun tí ó pọ̀ fún yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Ọkùnrin náà ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí adájọ́ fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, nítorí òfin fẹ́ kí ọmọ lè sọ tọkàn rẹ̀ láìbẹ̀rù. Nínú kóòtù ẹbí, adájọ́ tàbí májísíréètì nìkan kọ́ ni ó máa ń jókòó. Àwọn olùrànlọ́wọ́ méjì máa ń bá a jókòó, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ẹ má ṣe kọ́ ọmọ náà ní ohun tí yóò sọ. Wọ́n máa ń mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọmọ.

Ìyá Àgbà Odò-Ọnà

Ọmọ mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀, omi sì bọ́ lójú mi níbi fèrèsé yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìhà kejì, nítorí pé ibẹ̀ ni mo wà. Ọmọ ọmọ mi mẹ́ta ni mo wò fún ọdún márùn-ún. Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ojú tí ó wò ó náà a máa rọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí bàbá wọn wá kó wọn, mo bá a jà. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo fi ń jà, ìfẹ́ sì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà nínú rẹ̀: mo bẹ̀rù pé bí wọ́n bá ti lọ, n kò ní rí wọn mọ́, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé n óò máa rí wọn.

Nítorí náà, kí ẹ tó dé kóòtù àti lẹ́yìn tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ wá àgbàlagbà kan tí kì í ṣe ti ìhà yín tí kì í sì í ṣe ti ìhà tiwọn, ìmáàmù tàbí pásítọ̀ tàbí olórí àdúgbò, kí ó bá yín lọ kí obìnrin náà. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún méjì yẹn kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ẹ sọ fún un pé bí àwọn ọmọ bá padà sọ́dọ̀ yín, ilé rẹ̀ kò ní di èèwọ̀ fún wọn. Bóyá kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ bóyá ohun tí ó ń wá gan-an nìyẹn àyàfi bí ẹ bá sọ ọ́ sí i létí.

Ọ̀rọ̀ pé a kì í ti kóòtù dé kí a ṣọ̀rẹ́, òwe àwọn bàbá wa ni, n kò lè tako ó. Ẹni tí wọ́n bá ti pè sí kóòtù, kí ó lọ.

Awakọ̀ Ṣáṣá

Lọ́yà, mo ti gbọ́ ìbáwí, ẹ ṣé. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tèmi náà wà nílẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi ń kọ ara wa sílẹ̀ ní kóòtù gíga, ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó mi ní ìlú Ọ̀yọ́ ni àwọn ọmọ wà. Ṣé èmi tí mo wà láàyè, tí ìyá wọn wà láàyè, ìyá àgbà lè gba ọmọ lọ́wọ́ àwa méjèèjì?

Agbẹjọ́rò Ìyágankú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Tiyín yàtọ̀, nítorí pé kóòtù gíga tí ẹ ti ń kọ ara yín sílẹ̀ fi hàn pé ìgbéyàwó ìjọba ni ẹ ṣe. Òfin Ìgbéyàwó tí ó ń jẹ́ Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970 ni ó kàn yín, abala 71. Ire ọmọ ni ó ga jù níbẹ̀ pẹ̀lú. Abala náà fún adájọ́ ní àyè láti fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí kì í ṣe bàbá tàbí ìyá, bí ó bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni ó dára jù fún ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ó tún fún un ní àyè láti pàṣẹ bí àwọn òbí yóò ṣe máa rí ọmọ wọn níbi tí ó bá fi wọ́n sí. Ẹ béèrè fún ìyẹn nínú ẹjọ́ tí ó wà nílẹ̀, ẹ má dúró kí ìkọ̀sílẹ̀ parí. Ẹni tí ìgbéyàwó tirẹ̀ jẹ́ ti ìbílẹ̀ ni yóò lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Àwọn kan ṣì gbà pé bàbá ni ó ni ọmọ níbẹ̀ láìsí àròyé, ṣùgbọ́n àwọn ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ pé àṣà kò ju ire ọmọ lọ.

Aláṣọ Gbági

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó padà wá. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi sá kiri.

Mo lọ sí ọ́fíìsì Ìrànlọ́wọ́ Òfin, wọ́n fún mi ní ọ̀dọ́mọkùnrin agbẹjọ́rò kan tí ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nígbà tí a ka ìwé náà dé ìparí, a rí ilẹ̀ ọkọ mi tí ó wà ní Mọ́níyà nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà, mo ṣe bí ẹ ti wí. Ìmáàmù àdúgbò wa bá mi lọ, mo kúnlẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Kò dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní kí a wọlé, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ láti oṣù méjì.

Móṣàn ti kọjá. Adájọ́ ní kí páàsípọọ̀tù wà lọ́wọ́ kóòtù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé àwọn ọmọ kúrò ní ìpínlẹ̀ yìí, kí n sì máa mú wọn lọ́jọ́ Sátidé láti agogo mẹ́wàá àárọ̀ di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ti wá wo ilé mi. Ìyá mi ni ó wà nílé, òun ni ó dáhùn ìbéèrè agogo méjì sí mẹ́fà yẹn, nítorí pé ó ti kó wá bá mi.

Sátidé mẹ́ta ni a ti lò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọkùnrin mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán. Ọmọbìnrin mi jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, mo ń dì í ní ṣùkú, n kò bi í ní ohunkóhun. Nígbà tí ó ku ìlà méjì, ó fọwọ́ kan àpá tí ó wà lẹ́sẹ̀ mi níbi tí omi gbígbóná ti dà sí i lọ́jọ́ tí mo ń wẹ̀ fún un nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́. Ó ní, "Mo mọ èyí." Lẹ́yìn náà ó ní kí n má fa irun náà jù.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tí ń bọ̀ ni wọ́n sún ẹjọ́ sí. Mo ti fi rìsíìtì mi gbogbo sínú àpò ìwé. Lọ́yà, ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan ni ó kù: ṣé ìwé dókítà tí mo gbà ní oṣù yìí ti tó, àbí kí n gba òmíràn nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀?

Agbẹjọ́rò Ìyágankú

Ó ti tó, ìyá wa. Ẹ kàn rí i pé ọjọ́, òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn àti orúkọ dókítà hàn lórí rẹ̀ dáadáa, kí lọ́yà yín sì so ó mọ́ ìwé ìbúra yín kí ó tó di ọjọ́ ẹjọ́, kí ìhà kejì má baà sọ pé wọn kò rí i.